Bí ẹ ṣe lè fi iye ọdún tí wọ́n ń lò láyé ní Éṣíà wéra, kí nọ́ńbà má baà tàn yín jẹ

Ẹ̀yin ọmọ LAUTECH tí ẹ ń kọ project, ẹ̀yin tíṣà wa, àti ẹ̀yin bàbá tí ẹ máa ń dúró ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Tàkéé, ẹ kú àríyànjiyàn o. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹnì kan á ní àwọn ará Japan ń lo ọdún 84, àwa ní Nàìjíríà 54 péré, ẹnì kejì á ní irọ́ ni jàre, bàbá bàbá òun lo 110 kó tó kú, ó sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, ẹnì kẹta á ní tíì ewé tí wọ́n ń mu ló fà á, bí wọ́n á ṣe máa fà á nìyẹn títí tí oníwèé ìròyìn á fi palẹ̀ ọjà ẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó yẹ ibi tí nọ́ńbà yẹn ti wá wò nínú wọn. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n fi hàn yín bí ẹ ṣe lè jókòó, lórí fóònù yín náà, kí ẹ mú orílẹ̀-èdè Éṣíà méjì tàbí ogún, kí ẹ fi wọ́n wéra lọ́nà tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa lè já a nírọ́. Dátà tó máa jẹ ò pọ̀ rárá.

Life expectancy ni wọ́n ń kọ sí ojú ìwé tí ẹ máa ṣí. Èmi á máa pè é ní ọdún ìrètí kí ọ̀rọ̀ lè yá.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ

Ẹ má fo apá yìí o, torí ibẹ̀ gan-an ni ìjà Tàkéé ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ọdún ìrètí Nàìjíríà jẹ́ 54, wọn ò sọ pé èèyàn á pé 54 á wá kú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á mú ọdún kan ṣoṣo, ká ní 2023, wọ́n á wo bí ikú ṣe pọ̀ tó lọ́dún yẹn láàárín àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan, láàárín àwọn ọlọ́dún kan, àwọn ọlọ́dún méjì, títí dórí àwọn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Wọ́n á wá bi ara wọn pé, tí ọmọ tuntun kan bá gba gbogbo ọjọ́ orí yẹn kọjá, tí ikú sì ń mú èèyàn bó ṣe mú wọn lọ́dún yẹn gẹ́lẹ́, ọdún mélòó ló máa lò ní ìpíndọ́gba? Ó tán. Kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀, kò sí wòlíì kankan nínú ẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ wo Kàmbódíà nígbà ìjọba Khmer Rouge, 1975 sí 1979. Nínú tábìlì UN, ọdún ìrètí wọn nígbà yẹn já wálẹ̀ débi pé kò tó 20. Ṣé gbogbo ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ ní 1977 ló wá kú kó tó pé ogún ọdún ni? Rárá o, ọ̀pọ̀ wọn ló wà láyé dòní, àwọn míì ti ní ọmọ-ọmọ. Nọ́ńbà yẹn kàn ń sọ bí ikú ṣe ń pa èèyàn lọ́dún náà ni. Ṣáínà náà bẹ́ẹ̀, nígbà ìyàn ńlá 1959 sí 1961, ọdún ìrètí wọn ní 1960 fi díẹ̀ lé ní 30 ni, ẹ wò ó lónìí, bíi 78.

Ohun kejì tó wà níbẹ̀, òun ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú, ni pé ikú ọmọdé ló ń fa nọ́ńbà yìí wálẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ìṣirò ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyá mẹ́wàá bímọ lọ́jọ́ kan náà. Méjì nínú àwọn ọmọ náà kú lóṣù àkọ́kọ́, àwọn mẹ́jọ yòókù lo 75 géérégé. Mẹ́jọ lọ́nà 75 jẹ́ 600, ẹ pín in sọ́nà mẹ́wàá, ó di 60. Ìpíndọ́gba 60 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì rèé kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó kú ní 60. Torí náà ẹni tó ní bàbá òun pẹ́ láyé lè máa sọ òótọ́, kí nọ́ńbà 54 náà sì jẹ́ òótọ́.

Ẹ sì rò ó wò. Nílẹ̀ wa níbí, tí àgbàlagbà bá kú, pósítà á wà lára ògiri káàkiri ìgboro, aṣọ ẹbí, màlúù, olórin, gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé ẹni 97 ló lọ. Ọmọ jòjòló tó kú ńkọ́? Wọ́n á sin ín wẹ́rẹ́, kò sí ìnáwó, òfò ni, ẹnu kì í tiẹ̀ fẹ́ dárúkọ ẹ̀ mọ́. Ìyá àgbà á ní ọmọ márùn-ún lòun bí, tẹ́ ẹ bá wá fara balẹ̀ jókòó tì í, ẹ máa gbọ́ pé mẹ́jọ ni. Nígbà tó jẹ́ òkú àgbà nìkan là ń rántí, báwo ni ò ṣe ní dà bíi pé gbogbo èèyàn ayé àtijọ́ ló ń pẹ́ láyé?

Nọ́ńbà tó yẹ kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ báyìí, torí a máa padà lò ó: nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí wọ́n bí láàyè ní Nàìjíríà, ó lé ní ọgọ́rùn-ún tí kì í pé ọdún márùn-ún. Ní Pakísítánì nǹkan bíi 60 ni. Ní Bangladẹ́ṣì, bíi 30. Ní Japan, méjì.

Ibi tí ẹ ti máa mú nọ́ńbà

Ibi tó rọrùn jù fún ẹni tó ń lo fóònù ni Our World in Data, ẹ tẹ life expectancy síbẹ̀, ẹ yan orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ fẹ́, gíráàfù á jáde fúnra ẹ̀, ẹ sì lè dáńlódù ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fáìlì gidi kó lọ sí data.worldbank.org, kódù tí wọ́n fún un níbẹ̀ ni SP.DYN.LE00.IN, ẹ kàn da kódù yẹn sínú àpótí ìwákiri wọn, ẹ mú CSV, ìyẹn fáìlì tábìlì. Tẹ́ ẹ bá ṣí i nínú Google Sheets tàbí Excel, ẹ máa rí ìlà díẹ̀ lókè tí kò wúlò, orúkọ fáìlì àti ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe, ẹ pa wọ́n rẹ́ kí ìlà tí wọ́n kọ ọdún sí lè di ìlà àkọ́kọ́. Ọdún bẹ̀rẹ̀ láti 1960. Táíwàn ò sí nínú ti World Bank, ẹ má wá a títí ojú á fi máa dùn yín. Ẹni tó bá sì fẹ́ ti UN tààrà, World Population Prospects ni, fáìlì Excel wọn wúwo, mi ò ní kí ẹni tí dátà ẹ̀ ò pọ̀ lọ síbẹ̀. WHO náà ní tiẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo tí mi ò gbà kẹ́nikẹ́ni rú nìyí: ibi tẹ́ ẹ bá ti mú ti orílẹ̀-èdè kìíní, ibẹ̀ náà lẹ ti máa mú ti èkejì. Tẹ́ ẹ bá mú ti Japan lọ́wọ́ ìjọba Japan, kẹ́ ẹ wá mú ti Kòríà lọ́wọ́ UN, ó dà bí ìgbà téèyàn fi kóńgò ọjà Wazo díwọ̀n gààrì kan, tó wá fi kóńgò ìlú míì díwọ̀n èkejì, tó ní òun fẹ́ mọ èyí tó pọ̀ jù. Ẹ wo Kòríà Gúúsù ní 2023: ọ́fíìsì ìṣirò tiwọn fúnra wọn sọ pé 83.5, UN sọ pé 84.3. Ọdún kan náà, orílẹ̀-èdè kan náà o. Ìyàtọ̀ tí ò tó ọdún kan yẹn tó láti gbé orílẹ̀-èdè fò lórí Síngápọ̀ tàbí kó gbé e wálẹ̀, torí àwọn tó wà lókè yẹn ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀ ni. Ti Nàìjíríà tiẹ̀ wá burú, UN ní bíi 54, WHO lé ní 60. Kì í ṣe pé ẹnì kan ń parọ́ níbẹ̀. Ìkànìyàn wa tó kẹ́yìn 2006 ni, ọ̀pọ̀ òkú ni wọ́n ń sin sínú ọgbà ilé láì sí ẹni tó lọ kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, torí náà ìṣirò ni wọ́n ń fi ìwádìí abẹ́lé ṣe, olúkúlùkù ló sì ní ọ̀nà tó ń gbà ṣe tiẹ̀.

Láti ìsinsìnyí lọ, àyàfi tí mo bá sọ nǹkan míì, ti UN fún 2023 ni mò ń sọ, mo sì ti yí wọn sí odindi.

Ọdún wo lẹ fẹ́ mú?

Ẹ má mú 2020, ẹ má mú 2021, àyàfi tó bá jẹ́ Kòrónà gan-an lẹ fẹ́ kọ nípa ẹ̀. Íńdíà wà ní nǹkan bíi 71 ní 2019, ó já sí 67 ní 2021, nígbà tó fi máa di 2023 ó ti gun orí 72. Ẹni tó bá mú 2021 nìkan á ní Íńdíà ti bàjẹ́. Indonéṣíà náà ṣubú bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn. Ti Kòríà Gúúsù ò bá wọn ṣubú ní 2021, ìgbà tó di 2022 ni tiwọn lọ sílẹ̀, láti 83.6 sí 82.7 nínú ìṣirò tiwọn, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ láti 1970 tí wọ́n ti ń ka á. Ṣẹ́ ẹ rí i pé àìsàn kan náà ò mú wọn lọ́dún kan náà. Ẹ mú 2019 tàbí 2023, tàbí kẹ́ ẹ mú méjèèjì kẹ́ ẹ fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Éṣíà wo gan-an?

Èyí ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nínú ìwé UN, Éṣíà bẹ̀rẹ̀ láti Tọ́kì àti Saipurọ́sì lápá ibí, ó gba ọ̀dọ̀ Ísírẹ́lì, Sáúdí, Ìránì, títí dé Japan. World Bank ò ní ẹgbẹ́ kankan tó ń jẹ́ Éṣíà, wọ́n ní East Asia and Pacific, Ọsirélíà wà níbẹ̀, wọ́n ní South Asia, wọ́n tún ní òmíràn tí wọ́n pa Árábù àti Àríwá Áfíríkà pọ̀ sí. Torí náà ẹ fọwọ́ ara yín yan orílẹ̀-èdè lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ gbogbo èyí tẹ́ ẹ yàn sísàlẹ̀ iṣẹ́ yín.

Ẹ tò wọ́n láti òkè wá sísàlẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa rí nìyí: Hong Kong ló wà lókè, ó lé ní 85. Japan tẹ̀ lé e, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 85, Kòríà Gúúsù àti Síngápọ̀ ní bíi 84. Emirates 83, Qatar àti Ísírẹ́lì ní 82. Màlídífù, erékùṣù kékeré yẹn, 81. Ṣáínà 78, Ìránì náà bẹ́ẹ̀, Sri Lanka ò jìnnà sí wọn. Malaysia àti Thailand, 76 sí 77. Bangladẹ́ṣì àti Vietnam, 75. Íńdíà 72. Philippines 70. Pakísítánì 68, Myanmar 67, Afganísítánì 66.

Ẹ dúró lórí èyí tó kẹ́yìn yẹn ná. Afganísítánì tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún jà láti 1979, ọdún ìrètí wọn fi bí ọdún méjìlá ju tiwa lọ nínú tábìlì yìí. Kò sí orílẹ̀-èdè Éṣíà kan tó wà nísàlẹ̀ 60 ní 2023. Mi ò sọ ọ́ kí inú lè bí yín o, mo sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé tíì ewé ò lè jẹ́ ìdáhùn, torí àwọn Pakísítánì ń fi mílíìkì àti ṣúgà sí tíì tiwọn dáadáa.

Ìpíndọ́gba tó ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ

Àwọn ọmọ wa tó ń ṣe project ní Under G, ibí ni ọ̀pọ̀ máa ń jìn sí. Wọ́n á mú nọ́ńbà àwọn orílẹ̀-èdè, wọ́n á tẹ AVERAGE, wọ́n á ní ìpíndọ́gba Gúúsù Éṣíà nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi mẹ́ta pere dán an wò, Màlídífù 81, Bangladẹ́ṣì 75, Pakísítánì 68. Ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 75. Ó dáa lójú, àbí? Ṣùgbọ́n Màlídífù, gbogbo èèyàn ibẹ̀ ò ju bí ìdajì mílíọ̀nù lọ, Bangladẹ́ṣì lé ní 170 mílíọ̀nù, Pakísítánì ń sún mọ́ 250 mílíọ̀nù. Kí ló dé tí ìdajì mílíọ̀nù á fi ní ohùn kan náà pẹ̀lú 250 mílíọ̀nù?

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é ni kẹ́ ẹ kọ ọdún ìrètí sí òpó B, kẹ́ ẹ kọ iye èèyàn sí òpó C, kẹ́ ẹ wá tẹ =SUMPRODUCT(B2:B4,C2:C4)/SUM(C2:C4). Ohun tó máa jáde ni nǹkan bíi 71. Ọdún mẹ́rin ti lọ bẹ́ẹ̀. Tó bá wá di gbogbo Éṣíà, tí Íńdíà àti Ṣáínà ní lé ní bílíọ̀nù kan àti irinwó mílíọ̀nù lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ò lè ṣe é lọ́nà míì.

Obìnrin lọ́tọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀, àgbà lọ́tọ̀

Níbi tẹ́ ẹ ti mú fáìlì àkọ́kọ́, ẹ máa rí ti obìnrin àti ti ọkùnrin níbẹ̀ náà. Ẹ mú wọn. Ìjọba Japan sọ pé ní 2023 obìnrin wọn 87.14, ọkùnrin 81.09, ọdún mẹ́fà ló wà láàárín wọn. Ní Mòngólíà ó tó bí ọdún mẹ́sàn-án, ọtí líle ń bẹ níbẹ̀, sìgá ń bẹ níbẹ̀. Tí àlàfo yẹn bá fẹ̀ gan-an, ẹ tètè mọ̀ pé nǹkan kan wà tó ń pa àwọn ọkùnrin ibẹ̀, ẹ lọ wá a.

Ẹ tún mú iye ọdún tó kù fún ẹni tó ti pé 60. Èyí gan-an ló yẹ kí wọ́n máa fi bá àwọn bàbá Tàkéé sọ̀rọ̀, torí wọ́n ti la ti ọmọdé kọjá, 54 ò kàn wọ́n mọ́. Ẹni 60 ní Japan ṣì ní lé ní ọdún 25 níwájú. Tẹ́ ẹ bá fi àwọn ẹni 60 wé ara wọn láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, ẹ máa rí i pé àlàfo á kéré sí ti ọmọ tuntun, ìdí ni pé ikú ọmọdé ti jáde nínú ìṣirò. WHO tún ní èyí tí wọ́n fi ń ka ọdún tí ara fi le nìkan. Ti Japan ní 2019 jẹ́ bíi 74, ìyẹn ni pé nínú ọdún 84 yẹn, bíi mẹ́wàá jẹ́ ọdún àìsàn àti ìrora. Àwọn tó ń pariwo Japan kì í sọ èyí.

Ta ni wọ́n kà?

Mo fẹ́ràn apá yìí jù, torí ibẹ̀ ni nọ́ńbà ti ń bọ́ aṣọ.

Ẹ mú Dubai, tí àwọn ọmọ wa ń lọ. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó wà ní Emirates, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́sàn-án tó jẹ́ àjèjì, ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, ọkùnrin tó wá ṣiṣẹ́. Kí wọ́n tó fún wọn níwèé ìgbélùú wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n á yẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn wò. Ẹni tí ara ẹ̀ ò le ò ní rí ìwé gbà, ẹni tó bá dàgbà tàbí tó ṣàìsàn á padà sílé lọ kú sí Kerala ní Íńdíà tàbí Lahore ní Pakísítánì. Ilé ìwòsàn wọn dáa, mi ò sọ pé kò dáa, ṣùgbọ́n ẹ má fi 83 yẹn wé 84 ti Kòríà bíi pé irú èèyàn kan náà ni wọ́n kà.

Íńdíà ńkọ́? 72 yẹn ò sí níbì kankan. Nínú ìṣirò ìjọba wọn, Kerala ní gúúsù wà ní bíi 75, Uttar Pradesh ní àríwá wà ní bíi 65 sí 66, Uttar Pradesh nìkan ṣoṣo sì pọ̀ tó odindi Nàìjíríà. Tẹ́ ẹ bá ní Íńdíà ju Pakísítánì lọ, Íńdíà èwo lẹ ń sọ? Orílẹ̀-èdè tó bá tóbi báyìí, ẹ wá ti ìpínlẹ̀ ẹ̀ mọ́ ọn.

Japan náà bẹ́ẹ̀. Fídíò pọ̀ lórí fóònù tí wọ́n fi ń sọ pé àwọn ará Okinawa kì í kú bọ̀rọ̀, pé ọ̀dùnkún aláwọ̀ àlùkò ló ń ṣe é. Ìgbà kan wà tó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìpínlẹ̀ 47 tí Japan ní, ọkùnrin Okinawa já láti ipò kẹrin ní 1995 sí ipò 26 ní 2000, nígbà tó fi di 2020 wọ́n ti wà ní ipò 43. Àwọn obìnrin wọn tó ń gba ipò kìíní tẹ́lẹ̀ já sí ipò 16. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ti kúrò lórí oúnjẹ ìyá wọn, bọ́gà àti ẹran inú agolo tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà ni wọ́n ń jẹ, mọ́tò ni wọ́n ń wọ̀ lọ síbi gbogbo. Shiga ni ọkùnrin ti ń pẹ́ láyé jù báyìí, ẹ ò sì ní rí fídíò kan nípa Shiga.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn ọlọ́gọ́rùn-ún ọdún. Ní 2010, àwọn aláṣẹ ní Tokyo lọ kí ọkùnrin kan tí ìwé sọ pé òun ló dàgbà jù níbẹ̀, wọ́n bá egungun ẹ̀ lórí ibùsùn, ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti kú, àwọn ẹbí ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Wọ́n wá yẹ ìwé ẹbí wò káàkiri Japan, lé ní 230,000 ẹni tí ìwé ní wọ́n ti lé ní ọgọ́rùn-ún ni wọn ò mọ ibi tí wọ́n wà. Orí ìkànìyàn ni wọ́n ti ń mú ọdún ìrètí, kì í ṣe orí ìwé ẹbí yẹn, nítorí náà 84 wọn ò mì. Ṣùgbọ́n tó bá lè ṣẹlẹ̀ ní Japan, ẹ rò ó dé ọ̀dọ̀ wa, níbi tí wọ́n á ti bi bàbá pé ọdún wo ni wọ́n bí yín, tí bàbá á ní ogun Hitler ti bẹ̀rẹ̀ tòun ti ń da ewúrẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń yẹ ìkànìyàn wò fi máa ń kọ́kọ́ wo àwọn ọjọ́ orí tó parí sí òdo àti márùn-ún, 60, 65, 70. Tí wọ́n bá pọ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, àwọn èèyàn ń méfò ni. Ẹni tó ní bàbá òun lo 110, ẹ rọra bi í léèrè ìwé ìbí.

Ẹ wo ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀

Nọ́ńbà ọdún kan ò ní kọ́ yín ní nǹkan púpọ̀. Ẹ fa gíráàfù láti 1960 wá, Google Sheets á fà á fún yín tẹ́ ẹ bá ṣáà ti yan ìlà tẹ́ ẹ fẹ́. Tẹ́ ẹ bá lè rí èyí tó ṣáájú 1960 náà, ẹ mú un. Ní 1947, lẹ́yìn ogun, ọdún ìrètí ọkùnrin Japan jẹ́ 50.06, ti obìnrin 53.96. Ibi táwa wà báyìí nínú tábìlì UN làwọn náà wà nígbà yẹn o. Nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà, bíi 77 ló kú kó tó pé ọdún kan. Wọ́n gbógun ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọ́n tún omi ṣe, nígbà tó di 1961 gbogbo èèyàn ti wà lábẹ́ ìṣèdúró ìlera. Lẹ́yìn náà ló kan àgbà, torí àrùn rọpárọsẹ̀ ló ń pa wọ́n jù láti 1951 sí 1980, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín iyọ̀ kù nínú ọbẹ̀, wọ́n ń yẹ ìfúnpá wò láti abúlé dé abúlé. Kòríà Gúúsù wà ní 62.3 ní 1970. Ẹ fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ 83.5.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ méjì tó dáa jù láti fi wéra, tí mo máa ní kí akẹ́kọ̀ọ́ èyíkéyìí mú, Pakísítánì àti Bangladẹ́ṣì ni. Orílẹ̀-èdè kan náà ni wọ́n láti 1947 títí di 1971 tí ogun pín wọn. Bangladẹ́ṣì ló tòṣì jù nígbà yẹn, omíyalé ń bá a jà, ìjì líle ń bá a jà. Lónìí ó fi nǹkan bí ọdún méje ju ìkejì ẹ̀ lọ. Ẹ padà sórí nọ́ńbà ọmọdé tí mo ní kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀: 30 sí 60. Ìlọ́po méjì.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Dhaka, tó jẹ́ olú-ìlú Bangladẹ́ṣì lónìí, ni wọ́n ti fi ẹ̀rí hàn ní 1968 pé omi, iyọ̀ àti ṣúgà téèyàn mu lẹ́nu lè gba ẹni tí onígbáméjì ń gbẹ omi ara ẹ̀ là, tí dírípù tó máa lò á sì dín kù gan-an. Láti 1980, BRAC, ẹgbẹ́ aláàánú kan ní Bangladẹ́ṣì, rán àwọn obìnrin jáde, ilé sí ilé, wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe máa pò ó: iyọ̀ tí ìka mẹ́ta mú, ẹ̀kúnwọ́ ṣúgà ìrèké tí wọ́n ń pè ní gur kan, sínú omi bí ìdajì lítà. Wọ́n dé ilé tó lé ní mílíọ̀nù méjìlá. Àwọn tó ń kọ́ni yìí, iye ohun tí ìyá bá rántí nígbà tí wọ́n padà lọ bi í ni wọ́n fi ń san owó fún wọn, kì í ṣe iye ilé tí wọ́n dé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára náà gba bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, ọwọ́ obìnrin àdúgbò ló gbà. Ní Pakísítánì, àrùn rọpárọsẹ̀ ọmọdé tí wọ́n ń pè ní pólíò ṣì wà, òun àti Afganísítánì nìkan ló kù láyé tí irú èyí tí wọ́n ń pè ní wild polio ò tíì kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kéde ní oṣù kẹjọ 2020 pé Áfíríkà pẹ̀lú Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ irú yẹn. Sri Lanka ní tiẹ̀, WHO fún un níwèé ní 2016 pé ibà ẹ̀fọn ti tán níbẹ̀, Ṣáínà gba tiẹ̀ ní 2021. Ẹ lọ bi àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ọmọdé nílùú yìí pé kí ló ń gbé àwọn ọmọ wá sọ́dọ̀ wọn jù nígbà òjò.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ wàyí, ẹ má kọ pé “Bangladẹ́ṣì ń pẹ́ láyé ju Pakísítánì lọ”. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Nínú ìṣirò UN fún 2023, ọmọ tí wọ́n bí ní Bangladẹ́ṣì ní ìrètí ọdún bíi 75, èyí tí wọ́n bí ní Pakísítánì ní bíi 68, ikú àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún ní Pakísítánì sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti Bangladẹ́ṣì.” Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá fi ti obìnrin àti ọkùnrin sí i, àti ti ẹni 60, kẹ́ ẹ fi gíráàfù méjèèjì sí ojú ewé kan náà. Kí nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ gíráàfù méjèèjì bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan náà o, torí tí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ láti 0 tí èkejì bẹ̀rẹ̀ láti 60, òkè kékeré á dà bí òkè ńlá lójú ẹni tó ń wò ó, lẹ́kíṣọ́rà tó bá mọṣẹ́ ẹ̀ á sì rí i lójú ẹsẹ̀.